Wọ́n Ní Kí N Wá Yánníbo fún Tìrókò

Télọ̀ ni mí, Gáà-Àkànbí ni mò ń gbé nílùú Ìlọrin, ṣọ́ọ̀bù mi wà lójúde, ìjàpá mi sì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn gan-an, tí mo bá ti jókòó sídìí máṣíìnì tí mo ṣí wíńdò, ojú mi ti bọ́ sára rẹ̀ nìyẹn, láti àárọ̀ títí wọ́n á fi pèrun alẹ́. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kì í ṣe pé ẹnì kan ló sọ fún mi, ojú mi ló ṣe.

Ọdún 2013 ló dé ọwọ́ mi. Bàbá mi kékeré tó ń dáko lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpo ló gbé e wá, inú àpò sìmẹ́ǹtì ló wà. Wọ́n ń jó igbó, iná ti fẹ́ẹ̀ ká a mọ́, etí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ lápá ọ̀tún ti dúdú, ó ti rún wérewère bí etí aṣọ tí áyọ̀nù jó. Bàbá ní kí n fi se ọbẹ̀. Mo wò ó, ó yọ orí díẹ̀, òun náà wò mí, mo ní bàbá ẹ ṣeun o, ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ eléyìí. Ọmọ mi obìnrin ló sọ ọ́ ní Tìrókò, ẹ̀yin náà mọ ibi tó ti mú un, Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo.

Irú èyí tí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ṣẹ́ wálẹ̀ lápá ìdí ni, tí ẹ bá dẹ́rù bà á á pa ìdí dé bí ẹni ti ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti ìrù á wọlé pátápátá. Hinge-back ni àwọn òyìnbó ń pè é. Kì í tóbi bí àwọn ńláńlá tí wọ́n ń kó wá láti òkè Ọya. Mo fi tépù wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ náà, íńṣì 8 géérégé láti iwájú dé ẹ̀yìn, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn kọ́sítọ́mà mi sí, ojú ìwé tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọdún mẹ́ta ló fi wà níbẹ̀ lóun nìkan, kò sì sí nǹkan kan tó ṣe é. Ó ń jẹ gbúre, ó ń jẹ tẹ̀tẹ̀, ìbẹ́pẹ tó bá já bọ́ ti di tiẹ̀, tí òjò bá rọ̀ tí olú hù sábẹ́ igi á jẹ ẹ́, ọ̀kùn pàápàá ó ń jẹ ẹ́, ìgbín wẹ́wẹ́ náà ó ń jẹ ẹ́. Nígbà ọyẹ́ á wa ilẹ̀ sábẹ́ ìkòkò fífọ́ tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀ fún un, a lè má rí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin, ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá kan ilẹ̀ la ó tún rí i.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ó sì jẹ́ pé èmi ni mo fà á. Lọ́dún yẹn mo fi nẹ́ẹ̀tì wáyà yí ibi tó wà ká, torí àwọn ajá àdúgbò. Kò pẹ́ ni Tìrókò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn létí nẹ́ẹ̀tì náà. Á rìn lọ, á rìn bọ̀, á ti imú bọ ojú nẹ́ẹ̀tì, á fi ọwọ́ ha á, á tún yí padà, ilẹ̀ ibẹ̀ ti di ojú ọ̀nà tó dán. Kò sí kọ́sítọ́mà tó wọlé tí kò ní rí i. Alhájà kan tó máa ń gbé aṣọ wá sọ́dọ̀ mi dúró síbi wíńdò, wọ́n káwọ́ lérí, wọ́n ní ìyá Tìrókò, ẹranko yìí ń wá ẹnì kejì, ẹ ò rí i bó ṣe ń wo ìta ni, ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, ẹ wá Yánníbo fún un jàre. Láti ọjọ́ náà gbogbo ẹni tó bá wá gba aṣọ ló ń bi mí, Yánníbo ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi gbà. Agboolé ńlá ni wọ́n bí mi sí ní Pàkàtà, ẹní kan ni ọmọ mẹ́fà ń sùn, àwo kan la ń fọwọ́ bọ̀, tí wọ́n bá rí ọmọ tó dá jókòó síbì kan wọn á ní ta ló nà ọ́, kí ló ṣe ọ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Lọ́kàn tèmi, ẹni tó bá dá wà, ìyà ló ń jẹ ẹ́, kò sí àlàyé kankan lórí ẹ̀. Inú àlọ́ pàápàá, Ìjàpá ní ìyàwó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo Tìrókò mo ń káàánú ẹ̀, tí mo bá ń jẹun lálẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ mi mo máa rántí pé òun nìkan ló wà nínú òkùnkùn yẹn.

Bí mo ṣe lọ sí ọjà kan nìyẹn, mo bá ọkùnrin kan tó ń ta ìjàpá nínú agbọ̀n, mo ní obìnrin ni mo fẹ́. Ó mú ọ̀kan jáde, ó ní obìnrin rèé, ṣé mi ò rí i pé ó kéré ni. Mo san ₦3,500. Mo gbé e sórí síkéèlì ìyá aláta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, gíráàmù 780. Tépù ní íńṣì 6 àti ààbọ̀. Mo ṣí ojú ìwé tuntun, mo kọ Yánníbo sórí ẹ̀. Ọjọ́ yẹn náà ni mo gbé e sínú nẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ Tìrókò, mi ò fi pamọ́ síbì kan, mi ò ti ẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn fi pamọ́.

Tìrókò na ọrùn, ó rìn lọ bá a tààrà, ó fi iwájú igbá rẹ̀ gbá a. Kò! Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. A ní ó ń kí ìyàwó.

Láti ìgbà náà, tí mo bá ń ránṣọ, tí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì díẹ̀, mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìn, kò, kò, kò, inú mi á dùn, mo rò pé wọ́n ń ṣeré ni. Wọ́n máa ń tẹ̀ lé ara wọn kiri, Yánníbo níwájú Tìrókò lẹ́yìn, mo ní ẹ wo ìfẹ́. Yánníbo máa ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, Tìrókò á wà nínú ìkòkò, mo ní ó ń ṣọ́ ọkọ ẹ̀. Gbogbo nǹkan tí mò ń rí yẹn ni mo ń túmọ̀ sí bí ẹ̀dá èèyàn ṣe ń ṣe. Lóòótọ́, lílé ló ń lé e. Ìkòkò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò jẹ́ kó wọlé ni. Àwo oúnjẹ kan ṣoṣo ló wà, tí mo bá gbé gbúre sílẹ̀, Tìrókò á kàn dúró dábùú iwájú àwo náà ni, kò ní gé e jẹ, kò ní gbá a, dídúró yẹn nìkan ti tó, èkejì á ti fa orí wọlé. Ohun tó ń dùn mí jù títí dòní nìyẹn, pé àárín ojú mi ni ìyà náà ti ń jẹ ẹ́ tí mi ò mọ̀ pé ìyà ni, torí mo rò pé ìjà, ariwo ló máa ń ní. Ìjà ìjàpá lè máà ní ariwo rárá. Ẹnì kan á kàn máa jẹun, ẹnì kejì á máa rù.

Ní March 2017, oòrùn ọdún yẹn le, ọjọ́ Jímọ̀ ni, àwọn èèyàn ti kírun tán wọ́n ń wá gba aṣọ, mi ò ráyè wo ẹ̀yìn. Ó tó bí aago mẹ́ta kí n tó yọjú. Yánníbo ló dojú igbá rẹ̀ délẹ̀, àyà rẹ̀ ló kọjú sókè, gbangba inú oòrùn, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wa afẹ́fẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó fẹ́ sùn, ó ti na ọrùn sẹ́yìn kó lè fi orí ti ilẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lẹ́nu, itọ́ funfun ń hó létí ẹnu náà. Tìrókò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tún ń fi igbá gbá a. Mo fọwọ́ kan àyà rẹ̀, ó gbóná bí áyọ̀nù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sílẹ̀. Súbúhánálláhì. Mo gbé e sá wọlé, mo bu omi tó lọ́ wọ́rọ́wọ́ sínú bọ́ọ̀lù, ìwọ̀n tí kò ní bo imú rẹ̀, mo gbé e sí i, mo ń fi ọwọ́ bu omi sí i lẹ́yìn, mo ń bẹ̀ ẹ́, mo ń sọ ọ́ síta, jọ̀ọ́, jọ̀ọ́, má kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Kò kú. Àlùhámúdùlílàhì.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo gbé àwọn méjèèjì lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ọ̀dọ́ ni, ṣùgbọ́n ó mọṣẹ́, ó fi sùúrù dá mi lóhùn. Ó ní màmá, tí ìjàpá bá dojú délẹ̀ báyẹn, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tó wà lókè lábẹ́ igbá ẹ̀yìn, gbogbo ìfun àti ẹ̀dọ̀ á wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mímí á nira fún un, oòrùn á sì tún máa sè é, tí ẹ bá pẹ́ díẹ̀ sí i ẹ ò bá a mọ́. Ó gbé Yánníbo sórí síkéèlì: gíráàmù 610. Mo ní 780 ni nígbà tí mo rà á. Ó ní ẹ wo imú àwọn méjèèjì, kẹ̀lẹ́bẹ̀ ń yọ, ẹni tuntun ló kó o wá, ó ti ran ti ilé. Ó ní ó yẹ kí ẹ ti fi tuntun yẹn síbì kan lọ́tọ̀, ó kéré tán oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà ló dáa jù, kí ẹ gbé ìgbẹ́ rẹ̀ wá kí a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá aràn wà níbẹ̀, àwo lọ́tọ̀, omi lọ́tọ̀, ọwọ́ yín náà kí ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó kan èkejì.

Ó wá yí Yánníbo padà, ó ní màmá, ta ló ní obìnrin ni eléyìí? Ẹ fọwọ́ pá àyà rẹ̀. Mo pá a, ó ní kòtò bí inú ṣíbí. Ó ní kòtò yẹn ni ọkùnrin fi ń jókòó sẹ́yìn obìnrin kó má baà yọ̀ ṣubú, ti obìnrin máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ ni, ẹ tún wo ìrù, ó gùn ó nípọn, ti obìnrin máa ń kúrú. Ọkùnrin méjì ni ẹ kó pọ̀.

Ó bi mí pé kí ló dé tí ẹ fi wá èkejì? Mo ní kó má baà dá wà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní nínú igbó tó ti wá, ta ló ń bá a gbé? Mi ò lè dáhùn. Mo rántí pé nígbà tí bàbá mi ń sọ bí wọ́n ṣe rí i, òun nìkan náà ló wà. Dókítà ní láti inú ẹyin ni wọ́n ti ń dá wà, ìyá wọn kì í ṣọ́ wọn, wọn kì í rìn pọ̀ bí ewúrẹ́ tàbí ẹyẹ, ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó pàdé, tí wọ́n bá sì pàdé, ẹni tí kò bá fẹ́ ìjà á bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nínú ilé yín, ó ní, ibo ló fẹ́ sá gbà?

Mo wá béèrè ti ìrìn etí nẹ́ẹ̀tì yẹn. Ó ní nẹ́ẹ̀tì tó ṣeé rí òde nípasẹ̀ rẹ̀, ìjàpá ò mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, koríko òde ló ń rí, ó rò pé òun lè kọjá ni. Ó ní kí n fi pákó bo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kápẹ́ńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gé pákó ẹsẹ̀ bàtà kan fún mi, a kàn án yíká. Kó tó tó ọ̀sẹ̀ méjì ìrìn náà dáwọ́ dúró. Ẹ fojú inú wò ó, pákó ló ń wá, èmi lọ ra ìjà fún un.

A fi búlọ́ọ̀kù pín ibẹ̀ sí méjì, kì í ṣe nẹ́ẹ̀tì o, búlọ́ọ̀kù tí wọn ò ní lè rí ara wọn, torí ọjọ́ méjì tí mo kọ́kọ́ fi nẹ́ẹ̀tì sáàárín, wọ́n ń fi orí gbá nẹ́ẹ̀tì náà ni. Wọ́n gba abẹ́rẹ́, imú gbẹ. Yánníbo (orúkọ ò yí padà mọ́, àwọn ọmọ ti mọ́ ọn lára) kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, ní ọjọ́ karùn-ún ó jáde láti inú ìkòkò tiẹ̀, ó rìn lọ sídìí ìbẹ́pẹ, ó wo ọ̀tún ó wo òsì, ó gé e jẹ, ó tún wo ẹ̀yìn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ bí ìgbà mẹ́fà, kó tó wá gbàgbé ẹ̀yìn tó fi ẹnu sílẹ̀ jẹun. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún. Kí ọdún náà tó parí ó ti ju gíráàmù 900 lọ.

Ní òru ọdún yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́nù kà nípa wọn. Mo kà nípa Lonesome George, ìjàpá erékùṣù Pinta ní Galápagos tó jẹ́ ti Ecuador, ọdún 1971 ni wọ́n rí i, wọn ò sì rí irú rẹ̀ kan mọ́ láyé. Wọ́n kó àwọn obìnrin tó bá a tan tì í, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kọ ẹ̀yìn sí wọn, nígbà tí wọ́n wá yé ẹyin ní 2008 àti 2009, kò sí èyí tó pa. Ó kú ní 2012. Lonesome yẹn, ẹni tó dá wà ló túmọ̀ sí. Mo rò ó títí. Ìbànújẹ́ tó wà nínú orúkọ yẹn, mo gbà pé tiwa ni, àwa tí a mọ̀ pé irú rẹ̀ ń tán lọ. Mo tún kà nípa ọmọ erinmi kan ní Mombasa ní Kẹ́ńyà, Owen lorúkọ ẹ̀, omi tsunami ìparí 2004 ló yà á nípa kúrò lọ́dọ̀ agbo ẹ̀, ó wá lọ lẹ̀ mọ́ ìjàpá ńlá kan tó ń jẹ́ Mzee, wọ́n jọ ń sùn wọ́n jọ ń jẹun, gbogbo ayé ń ya fọ́tò wọn. Àwọn èèyàn máa ń fi ìyẹn bá mi jiyàn pé ṣebí ìjàpá náà ń yan ọ̀rẹ́. Mo ní ẹ wò ó dáadáa, ta ló ń wá ta? Erinmi ni ẹranko tó ń gbé ní agbo, òun ló ń wá ìyá.

Mi ò sọ pé wọn ò rí ara wọn sójú o. Àwọn onímọ̀ ẹranko kan gbé oúnjẹ sẹ́yìn ọgbà kékeré kan, ìjàpá tó dá wà ò mọ bó ṣe máa yí ọgbà náà po dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n jẹ́ kó wo ẹlòmíì tó ń yí i po, òun náà yí i po. 2010 ni wọ́n kọ ọ́ jáde. Nítorí náà wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n ń kọ́ nǹkan. Àwọn ńláńlá tó wà ní erékùṣù Aldabra ní Seychelles pàápàá, tí wọ́n tó bí 100,000, wọ́n máa ń kó ara wọn jọ sábẹ́ igi lọ́sàn-án, èèyàn á rò pé ìpàdé ni wọ́n ń ṣe, ìbòòji ló wọ́n níbẹ̀. Ti inú omi náà bẹ́ẹ̀. Kọ́sítọ́mà mi kan ní méjì nínú àpótí gíláàsì, ó fi fọ́tò hàn mí níbi tí ọ̀kan ti gun orí èkejì, ó ní wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, iná ni wọ́n ń yá, ẹ fi òkúta kejì sábẹ́ iná yẹn. Ó fi sí i, kálukú mú òkúta tiẹ̀.

Àwa ọmọ Yorùbá ti mọ nǹkan kan nípa ẹranko yìí tipẹ́, ṣebí ahun náà là ń pe ẹni tí kò lè fi nǹkan ẹ̀ tọrẹ. Mo lọ wo ìjàpá tó ń jẹ́ Alágbà rí ní ààfin Ṣọ̀ún ní Ògbómọ̀ṣọ́ kó tó kú ní 2019, ààfin ní ọmọ ọdún 344 ni, àwọn onímọ̀ ẹranko ò gbà pé ìjàpá lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n arúgbó ni, kò sí iyèméjì níbẹ̀. Èèyàn pọ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò rí ìjàpá mìíràn lọ́dọ̀ ẹ̀.

Kí ẹ má sọ pé mo fi ti ẹ̀ẹ̀kan ṣe ìdájọ́, mo tún gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mo sì ṣe é dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Ní 2020, kọ́pà kan tó fẹ́ padà sílé gbé ìjàpá ẹ̀ wá fún mi, irú kan náà, mo yí i padà mo fọwọ́ pá àyà rẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, obìnrin ni. A sọ ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́. Oṣù mẹ́fà ni mo fi fi í sí ẹ̀yìn ilé lápá kejì, dókítà yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò, ó fún un lóògùn aràn. Mo wá fẹ ibi Tìrókò, mo ṣe ìkòkò mẹ́ta, àwo mẹ́ta, mo gbin kókò àti koríko sáàárín kí wọ́n lè ríbi fara pamọ́. Wákàtí kan lóòjọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, èmi náà á jókòó tì wọ́n pẹ̀lú aṣọ tí mo ń fọwọ́ rán. Tìrókò ò jà bí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó sinmi, á yí i po, á máa gé e lẹ́sẹ̀ iwájú kó lè dúró, á gun ẹ̀yìn, á sọ̀ kalẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Láàárín oṣù kan egbò ti wà lẹ́sẹ̀ Àbẹ̀kẹ́, kò jáde jẹun mọ́ àfi tí Tìrókò bá sùn. Mo gbé e kúrò. Dókítà ní ọkùnrin kan sí obìnrin kan, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn, gbogbo wàhálà ọkùnrin náà á bọ́ sórí ẹnì kan ṣoṣo. Tí èèyàn bá máa kó wọn pọ̀ dandan, ó ní obìnrin pẹ̀lú obìnrin ló sàn, irú kan náà, ìwọ̀n kan náà, ilẹ̀ tó gbòòrò, kó má jẹ́ méjì péré torí méjì ni èyí tó lágbára ti máa ń rí ẹni fojú sí, kéèyàn sì ní ibòmíì tó máa gbé wọn sí tó bá bàjẹ́. Ta ló ní irú ilẹ̀ yẹn ní Gáà-Àkànbí?

Nǹkan kan sì wà tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní obìnrin mọ̀. Oṣù keje lẹ́yìn tí mo gbé Àbẹ̀kẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ọkùnrin, mo rí i tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wa ilẹ̀, ó ń tọ̀ sí i kí ilẹ̀ rọ̀, ó wà á láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó yé ẹyin mẹ́ta, ó fi ẹsẹ̀ kan náà bò ó, ó tẹ̀ ẹ́, kò wo ibẹ̀ mọ́. Obìnrin lè tọ́jú àtọ̀ ọkùnrin sínú fún ọdún mélòó kan. Èyí tí kò rí ọkùnrin rí láyé ẹ̀ pàápàá lè yé ẹyin tí kò ní pa, tí kò bá sì rí ilẹ̀ rírọ̀ tó máa wà, ẹyin lè há sí i nínú kó sì pa á. Nítorí náà kàkà kí ẹ wá ọkọ fún un, ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ fún un, kó jìn tó.

Nǹkan mìíràn tí mo gbọ́dọ̀ sọ: àwọn tó ń wá wò wọ́n, nítorí àánú náà ni, máa ń sọ wàrà, búrẹ́dì àti ìrẹsì sí wọn. Ẹ jọ̀ọ́. Ìjàpá kì í ṣe ẹranko tó ń mu wàrà, inú rẹ̀ á bàjẹ́. Tí ọmọ kékeré bá fọwọ́ kàn án, kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kòkòrò Salmonella máa ń wà lára wọn láìjẹ́ pé ara wọn ò yá. Mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn báyìí kó lọ ra ti inú igbó, mo ti ṣe é, mi ò ní ṣe é mọ́, iná, oko àti ìkòkò ọbẹ̀ ti ń tán wọn lọ.

Báyìí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Tí Tìrókò bá gbọ́ sílípáàsì mi láàárọ̀ á jáde, á na ọrùn, á dúró síbi tí àwo máa ń wà. Mo mọ̀ pé gbúre ló ń kí. Mo ṣì máa ń jókòó tì í títí á fi jẹun tán, ara mi ló ń balẹ̀.

Ẹyin Àbẹ̀kẹ́ yẹn, oṣù karùn-ún ni ọ̀kan nínú ẹ̀ pa. Òjò rọ̀ lóru, láàárọ̀ ọmọ mi pariwo pé mọ́mì ẹ wá o. Ó ti yọ síta, iyẹ̀pẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó tó ìdérí ìgò oyin. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń jẹ ìbẹ́pẹ, kò jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Ọmọ mi gbé e síwájú ìyá rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Ọmọ ìjàpá náà dúró díẹ̀, ó yí padà, ó rìn lọ sábẹ́ ewé kókò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ wa ilẹ̀. Mo bu omi sínú ìdérí kan, mo gbé e sí ẹ̀bá ibẹ̀. Mo lọ mú tépù. Íńṣì kan àti ààbọ̀, ó lé díẹ̀. Mo ṣí ojú ìwé tuntun.